Ohun Tí Mo Fi Ọ̀já Pọ̀n

Èmi gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ sí. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì lá a lálàá. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ sí Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó béèrè ọmọ Ràímì tó ń rán àpò kòkó. Wọn yóò fi ilé wa hàn án. Màá sọ ohun tí mo rí. Ohun tí mi ò rí, mi ò ní fi kún un.

Ọdún kejì tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni. Ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ti kọjá mi nígbà náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa rán àpò tó bá ya ní ilé kòkó. Abẹ́rẹ́ gígùn, okùn, àpò. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́ títí, mo bá mọ̀ ọ́n.

Èmi àti ìyá tó bí bàbá mi la jọ ń gbé. Ọmọ́títí ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ni mo ń pè wọ́n. Làkúrègbé ti mú wọn lórúnkún méjèèjì. Bí wọ́n bá rìn láti orí ẹní dé ìdí ààrò, ìrìn ọjọ́ náà ti parí nìyẹn.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọkùnrin kan wá bá wa láti Ìwopin. Japheth ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Ilé rẹ̀ àti ilé àbúrò Ìyá Àgbà kan ara wọn ní etí omi lọ́hùn-ún. Àbẹ̀bí ni àbúrò náà ń jẹ́.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá," Japheth wí. "Màmá Àbẹ̀bí ní kí n kí yín. Ojú wọn ti fọ́. Ara wọn ò sì le. Wọ́n ní kí ẹ wá di ọwọ́ àwọn mú kí òjò tó dé."

Ìyá Àgbà tẹ orí ba. Wọ́n ń wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, Àbẹ̀bí fi mọ́sálásí sílẹ̀, ó lọ wọ aṣọ funfun. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jà. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Bí o bá kú, kí wọ́n má wá sọ fún mi." Láti ọjọ́ náà, wọn ò fojú kan ara wọn mọ́.

Nígbà tí Japheth lọ tán, Ìyá Àgbà gbé orí sókè.

"Ẹnu ni mo fi sọ ọ́," wọ́n wí. "Ẹnu náà ni màá fi kó o jẹ. Kì í ṣe lẹ́tà. Kì í ṣe iṣẹ́ rírán. Iwájú rẹ̀ ni màá ti kó o jẹ."

Ẹ ó ní kí wọ́n wọ lọ́rì. Ṣùgbọ́n lọ́rì agbégẹdú ló pa bàbá mi. Ní ọjọ́ kẹjọ, níbi àdúrà fídáù, Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ lé Kùránì lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ní táyà, àwọn ò ní gùn ún mọ́ láéláé.

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?" mo bi wọ́n.

"Kí ló wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́?"

"Táyà ni, mà."

"O ti dá ara rẹ lóhùn."

Àfáà wá bẹ̀ wọ́n. Ó ní ìtánràn wà fún ìbúra, kí wọ́n bọ́ tálákà mẹ́wàá, ó parí. Ìyá Àgbà mi orí. "Ọlọ́run lè dárí jì mí, àfáà. Èmi ni mi ò ní dárí ji ara mi."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò ní àwọn á gbé wọn sórí àga, ẹni mẹ́rin. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni Ìyá Àgbà fi lé wọn jáde. "Òkú ni ọkùnrin mẹ́rin ń gbé! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kú ná!"

Ó ku ọ̀nà kan.

"Màá pọ̀n yín," mo wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ kú lórí ìkúnlẹ̀," wọ́n wí. "Ó dáa. Ó ti kàn ọ́."

Ọjọ́ kejì ni mo pọ̀n wọ́n. A dé Òkè-Sópẹn, iwájú mọ́sálásí gan-an. Orúnkún mi yẹ̀. Àwa méjèèjì balẹ̀ gbì. Ìgúnpá Ìyá Àgbà bó. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ dìde, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ kú àbọ̀ sí Ìwopin o!" Ẹ̀rín pa gbogbo wọn.

Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìfẹ́ nìkan kò tó. Ẹsẹ̀ ni mo nílò. Ọ̀nà náà lé ní ogójì máìlì. Bí òjò ńlá bá sì ti dé, irà tó wà ṣáájú Ìwopin kì í ṣe é fi ẹsẹ̀ rìn mọ́. Mo ka oṣù. Mẹ́ta péré ló kù.

Mo gbé Ìyá Àgbà lọ sídìí òṣùwọ̀n kòkó. Mo fi àpò ṣe ìjókòó fún wọn, mo fi kọ́ ìkọ́ òṣùwọ̀n. Bùrọ̀dá Síkírù, akọ̀wé tó ń wọn kòkó, ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó so ó tán.

"Ìyá, ṣé kòkó ipò kìíní ni yín, àbí ipò kejì?"

"Bàbá rẹ ni ipò kẹta," Ìyá Àgbà dá a lóhùn láti inú àpò.

Ó ka òṣùwọ̀n. "Àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Kò lé, kò dín."

Ohun tí mo ń wá nìyẹn. Mo lọ kó iyanrìn létí odò, mo yan án gbẹ nínú agbada. Mo wọn ọgbọ̀n pọ́n-ùn sínú àpò, mo rán ẹnu rẹ̀ pa. Èrò mi ni kí n máa fi iyanrìn kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìwọ̀n Ìyá Àgbà. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Àìkú, bí mo bá ti kírun àsùbáà, màá gbé e, màá gba Orù, màá dé Àgọ́-Ìwòyè, màá yí padà. Máìlì mẹ́fà ó lé ní àlọ. Bákan náà ní àbọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, okùn ni mo fi so ó mọ́ èjìká. Ó bó mi lára. Lọ́jọ́ kejì, mo rù ú. Ìyẹn náà kò bójú mu, nítorí Ìyá Àgbà kò ní wà lórí mi. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa wà. Ibi tí wọn yóò jókòó sí ni iyanrìn gbọ́dọ̀ jókòó sí.

Mo ṣí àpótí. Ọ̀já kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pupa àti dúdú. Ìyá Àgbà ló hun ún fúnra wọn. Òun ni wọ́n fi pọ̀n mí láti kékeré. Mo mú un, mo fi pọ̀n àpò iyanrìn. Ó wà mọ́ mi lẹ́yìn gbágbá.

Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá láìsí nǹkan, àfi ìrora. Mo ti fi iyanrìn kún un, ó ti di ogójì pọ́n-ùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀sán gangan bá mi lẹ́yìn Orù. Igbó kòkó wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì. Ẹyẹ dákẹ́. Atẹ́gùn dúró. Ewé gbígbẹ nìkan ló ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Mo dúró kí n mí. Ewé náà dákẹ́.

Mo gbọ́ èémí. Ó rọra ń lọ, ó rọra ń bọ̀, bí ẹni tó sùn. Mo rò pé èmi ni. Mo sé èémí mi.

Ó ṣì ń mí.

"Ìyá ọmọ!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ìyá arúgbó kan ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi, agbọ̀n obì lórí.

"Ìyá ọmọ, dúró ná. Ẹsẹ̀ ọmọ rẹ ti yọ síta."

"Kì í ṣe ọmọ, mà. Iyanrìn ni."

"Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, àwàdà yín ti pọ̀ jù." Ó ti dé ẹ̀yìn mi. Ó fi ọwọ́ kan di agbọ̀n mú, ó fi èkejì ki nǹkan bọ inú aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí mi. Mo mọ̀ ọ́n lára. Nǹkan kékeré, ó yí, ó wọlé. Lẹ́yìn náà ni ó fa ọ̀já le, ó sì rọra lù ú lẹ́ẹ̀mejì. "Bo orí rẹ̀, oòrùn mú. Ó ti padà sùn."

Ó kọjá lọ. Mi ò lè wẹ̀yìn. Mo rìn dé ibi tí igi kan ṣubú sí, mo tú ọ̀já, mo sọ ẹrù náà kalẹ̀ lórí igi.

Àpò ni. Iyanrìn ni. Ibi tí mo rán kò tú.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Bùrọ̀dá Síkírù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú ìyá náà ti ṣú. Ó ní kí n gbé ọmọ náà wá kí òun wọ̀n ọ́n. Ó fi kọ́ òṣùwọ̀n.

"O sọ pé ogójì ni."

"Ogójì ni."

"Mẹ́tàlélógójì ló wà níhìn-ín."

Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e kọ́. Mẹ́tàlélógójì. Ó fi irin ìwọ̀n dán òṣùwọ̀n náà wò. Òṣùwọ̀n náà kò purọ́.

"Ṣé òjò pa á ni?"

"Oòrùn ló pa á, Bùrọ̀dá."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Asímáwù," ó wí, "gbé nǹkan yìí kúrò nídìí òṣùwọ̀n mi."

Láti ọjọ́ náà, mi ò fi ẹyọ iyanrìn kan kún un mọ́. Kò nílò mi. Òun fúnra rẹ̀ ń kún. Mẹ́tàlélógójì di àádọ́ta. Àádọ́ta di ọgọ́ta. Bí ọmọ ṣe ń tóbi ni. Àwọn ará Orù bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi lójú ọ̀nà, "Ẹ kú ọmọ o!" Ní Àgọ́-Ìwòyè, obìnrin kan gbé omi jáde, ó ní kí n fún un mu, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Nígbà kan, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀yìn mi tutù rinrin. Omi gbígbóná ni. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tó bá ti pọ̀n ọmọ rí mọ òórùn yẹn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò jù ú nù. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tan yín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń le. Iṣan itan mi ti dúró bí okùn. Òkè Orù, tí mo ti ń fi ọwọ́ ti orúnkún gùn tẹ́lẹ̀, mo ń gùn ún báyìí bí ẹni ń lọ pọn omi. Adẹ́mu kan bá mi lẹ́sẹ̀ òkè náà lórí kẹ̀kẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo kọjá lára rẹ̀.

"Arábìnrin! Kí lo pọ̀n?"

"Àádọ́rin pọ́n-ùn!"

"Irọ́ ni!"

Mo ti dé òkè kí ó tó sọ ọ́ tán. Mo dúró níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbọ́ ẹ̀rín mìíràn lẹ́yìn mi, kékeré, mọ́ etí mi gan-an. Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà pè mí.

"Dúró níbẹ̀. Yí ẹ̀yìn. Ọ̀já wo nìyẹn?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n fi ìka kan etí ọ̀já náà.

"Okùn ni wọ́n fi ń di ẹrù, Asímáwù. Ọmọ ni wọ́n ń fi ọ̀já pọ̀n. O mú ọ̀já tí wọ́n fi pọ̀n ọ́, o fi pọ̀n nǹkan, ò ń gbé e kiri lójú ọ̀nà. Kí lo fẹ́ kí ó pe ara rẹ̀?"

Mo tú ọ̀já náà, mo sọ àpò kalẹ̀.

"Ṣé o ti sọ ọ́ lórúkọ?"

"Rárá, mà."

"Má sọ ọ́. Ṣé o ti kọrin fún un?"

Ó máa ń rẹ̀ mí lójú ọ̀nà. Mo máa ń kùn díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Hẹ̀n-ẹ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ dà á sódò."

"Ìwọ ńkọ́? Nígbà tí ìyá rẹ kú, wọ́n ní ìwọ náà kò ní yè. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú. Ṣé mo dà ọ́ sódò?" Wọ́n kọjú sí ògiri. "Ìwọ lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Pọ̀n ọ́n títí yóò fi tó sọ̀ kalẹ̀."

Nítorí náà, mo pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó pé àádọ́rùn-ún, kò kún mọ́. Mo gbé e lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, mo gbé e bọ̀, mi ò jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ìrun àìlà kò tíì kọjá nígbà tí mo wọ Òkè-Àgbò. Bùrọ̀dá Síkírù jáde síta, ó pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí mi.

A fi ìrìnàjò sí ọjọ́ Ajé. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, mo jí láti kírun. Àpò náà wà níbi tí mo gbé e sí, lẹ́bàá ògiri. Ó ti rọ̀ pẹlẹbẹ.

Mo gbé e. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Mo wo ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ mi ni, mo mọ ọwọ́ mi. Kò tú. Mo fi ìka wá gbogbo ara rẹ̀ bóyá ó lu. Kò lu. Kò sí ẹyọ iyanrìn kan nílẹ̀. Ọ̀já wà lórí rẹ̀. Alẹ́ àná, mo jù ú síbẹ̀ ni. Báyìí, ẹnìkan ti ká a sí mẹ́rin.

Mo jí Ìyá Àgbà. Wọ́n wò ó, wọn kò fọwọ́ kàn án.

"Ó ti sọ̀," wọ́n wí. "Ó ti ń rìn nìyẹn."

Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ọ̀já kan náà pọ̀n Ìyá Àgbà. Mo rò pé wọn yóò wúwo. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí àpò ń jókòó sí ni wọ́n jókòó sí, pọ́n-ùn kan kò lé. A gba Òkè-Sópẹn kọjá. Iwájú mọ́sálásí náà rèé. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ dìde. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Mo ń rìn. Ìyá Àgbà nawọ́ láti ẹ̀yìn mi, wọ́n ń juwọ́ sí wọn bí ọba.

"Ẹni tó ní ẹ kú àbọ̀ lọ́jọ́sí dà?" wọ́n kígbe. "Ẹ jáde wá kí wa dáadáa!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn kan bá wa rìn dé ìta ìlú.

A sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. A sùn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Níbi gbogbo ni wọ́n ti ń fún wa ní oúnjẹ. Ọ̀nà kì í jẹ́ kí ebi pa ẹni tó pọ̀n ìyá rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń wí. Ẹsẹ̀ mi wú, mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òrí pa á. Lówùúrọ̀, mo tún dìde.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀nà pín sí méjì. A pàdé obìnrin kan tó ń ti ẹ̀bá omi bọ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé ìwọ ni ìyá ọmọ yẹn?"

"Ọmọ wo?"

"Ó wà níwájú yín. Ó ní bí mo bá pàdé ìyá òun, kí n sọ fún un pé kó má gba ọ̀nà òsì. Kí lo ń rò tí o fi ń jẹ́ kí ọmọ tó kéré báyẹn dá rìn?"

Mo la ẹnu láti bi í bí ọmọ náà ṣe rí. Èékánná Ìyá Àgbà wọ èjìká mi.

"A ti gbọ́, ìyá," wọ́n wí. "Ẹ ṣé o." Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, wọ́n sọ̀rọ̀ sí mi létí. "Má bèèrè bó ṣe rí. Máa lọ."

A gba ọ̀tún. Ní alẹ́, ní abúlé tí a sùn sí, a gbọ́ pé afárá igi tó wà lọ́nà òsì ti já láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà ń jẹ ẹ̀bà wọn lọ. Wọn ò gbé ojú sókè.

Ọjọ́ kẹrin ni irà. Òjò ti ń ṣú láti òkun wá. Ẹrẹ̀ náà mu mí dé orúnkún, ó ń fa ẹsẹ̀ mi, ó ń dún *pọ̀* bí mo bá ti fà á yọ. Kò sí ẹyẹ. Kò sí kòkòrò. Ẹsẹ̀ mi nìkan, àti èémí Ìyá Àgbà. Láàárín irà náà, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi kọ̀. Mo fà á, kò wá. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́rùn.

"Sọ̀ mí," Ìyá Àgbà wí. "Màá fi ìdí wọ́ dé ibẹ̀."

"Rárá."

"Asímáwù."

"Ẹ̀yin náà kò sọ̀ mí."

Mo di ehín pọ̀. Mo ronú kan gbogbo Ọjọ́bọ̀, gbogbo ọjọ́ Àìkú, gbogbo ìgbà tí mo gun òkè Orù. Ẹsẹ̀ kì í gbàgbé. Mo tẹ òsì wọlẹ̀, mo fa ọ̀tún. Ó wá. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún wá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe, mi ò mọ ohun tí mò ń wí, Ìyá Àgbà náà ń kígbe lẹ́yìn mi, "Alihamudu! Alihamudu lilahi!" Báyẹn ni a ṣe jáde nínú irà, òjò ń rọ̀, àwa méjèèjì ń pariwo bí ẹni tó ṣẹ́gun ìlú.

Omi ọ̀sà ló kọ́kọ́ hàn, ó ń dán bí irin. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé. Àwọn ará Ìwopin rí wa lókèèrè. Wọ́n sáré wá. Wọ́n ti gbọ́ pé obìnrin kan ń pọ̀n ìyá rẹ̀ bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n fẹ́ gbà wọ́n lẹ́yìn mi. Mi ò gbà. Ilé Ọlọ́run àwọn Aládùúrà ń lu agogo. Japheth sáré wá níwájú wa, aṣọ funfun rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Ẹ yára," ó wí. "Láti ọjọ́ Ajé ni Màmá ò ti jẹun. Lánàá, wọ́n kọjú sí ògiri. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìdágbére."

Ẹnu ọ̀nà Àbẹ̀bí ni mo ti tú ọ̀já. Níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ti kọ́kọ́ kan ilẹ̀ Ìwopin. Wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún rá wọlé. Mo tẹ̀ lé wọn. Àbẹ̀bí jókòó lórí ẹní. Ó jókòó dáadáa, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó kọjú sí wa, ojú rẹ̀ méjèèjì funfun. Awo ẹ̀kọ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti mọ́ fónífóní.

"Àbẹ̀bí," Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ pẹ́," Àbẹ̀bí dáhùn.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn. Mo kó o jẹ. Iwájú rẹ ni mo ti kó o jẹ. Bí o bá kú, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá sọ fún. Ṣùgbọ́n má kú."

"Mi ò kú mọ́." Àbẹ̀bí na ọwọ́. Ọwọ́ méjèèjì pàdé. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé ọdún mẹ́rìnlá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rìnlá. "Mo ti ń lọ tẹ́lẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kékeré yìí ló dá mi dúró."

"Ọmọ wo?"

"Èyí tí ẹ rán ṣíwájú. Àná ló wọlé. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Ẹ má tíì lọ. Wọ́n ń bọ̀. Ìyá mi lágbára.' Ó ní kí n jẹun. Àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ̀kọ náà."

Mo wo Japheth. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Èmi ni mo sùn lẹ́nu ọ̀nà," ó wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Láti àná. Ẹnikẹ́ni ò gba ibí wọlé."

Níta, òjò ti dá. Àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pe orúkọ mi. "Asímáwù! Asímáwù o!" Wọn ò tíì pe orúkọ mi báyẹn rí. Ìgbéraga gbá mi láyà mú, mi ò ní purọ́. Àádọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Ó lé ní ogójì máìlì. Mo pọ̀n ìyá mi dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Àbẹ̀bí ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú ọwọ́ Ìyá Àgbà. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lu nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lu ọmọ kó lè sùn.

Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo súnmọ́ ọn, mo wò ó dáadáa. Ọwọ́ náà ń lọ sókè. Ó ń padà wálẹ̀, ó ń dúró lágbedeméjì.

Kò kan ẹní.